Bí a ṣe sọ ẹ̀yìnkùlé di ilé sinimá kí òjò tó dé ní Kubwa

Ibi iṣẹ́: ẹ̀yìnkùlé kan ní Kubwa, Àbújá. Gígùn 9 m, ìbú 6 m.
Àkókò: oṣù kejì sí ìparí oṣù kẹrin, 2025.
Ohun tí a fẹ́: ibi tí ènìyàn 15 yóò ti jókòó wo fíìmù Yorùbá lálẹ́, tí wọn yóò sì rí ojú òṣèré dáadáa nínú ìran òru.

Ìran òru yẹn ló fa gbogbo làálàá yìí. Fíìmù tí ogun rẹ̀ ń jà lójú ọ̀sán gangan, ara ògiri lásán náà ẹ lè wò ó. Ṣùgbọ́n nínú Aníkúlápó (2022) ti Kúnlé Afọláyan, òru ni Sàró àti Arọ́lákẹ́ ń yọ́ pàdé ara wọn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń ta padà láti ara ògiri àti ilẹ̀ àgbàlá, eré ìfẹ́ yẹn á di ohùn méjì tó ń sọ̀rọ̀ nínú èéfín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń dá pirojẹ́kítọ̀ lẹ́bi, tí wọ́n á sáré lọ ra òmíràn. Ẹ wo àgbàlá yín ná. Àdá, ṣọ́bìrì àti ọ̀dà lè tún àwòrán ṣe ju owó pirojẹ́kítọ̀ tuntun lọ.

1. Igi

Dóńgóyárò kan wà lápá ọ̀tún, ẹ̀ka rẹ̀ méjì sì nà wá sí ojú ọ̀nà tí ìtànṣán yóò gbà. Oṣù kejì dára fún gígé e: ewé ti dín lórí rẹ̀, ojú ń rí ibi tí ẹ̀ka ti so mọ́ ìtì, òjò kò sì ní rọ sójú ọgbẹ́.

Ibí ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti ṣẹlẹ̀. A gé ẹ̀ka kìíní láti òkè wá sísàlẹ̀ ní ìgé kan ṣoṣo. Ayùn kò tíì dé ìdajì tí ìwúwo ẹ̀ka fi fà á ya, ó sì bó èèpo ara ìtì lọ tó 60 cm. Ẹ̀ka kejì ni a wá ṣe bó ti yẹ:

– Ìgé kìíní láti abẹ́, ní 30 cm sí ìtì. Kí ayùn wọ ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ka, kó dúró.
– Ìgé kejì láti òkè, ní 5 cm síta ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀ka yóò já síbẹ̀, kò sì ní fa èèpo ya.
– Ìgé kẹta ni ẹ ó fi mú kùkùté tó kù kúrò, lẹ́bàá ibi tí èèpo ti wú díẹ̀ lára ìtì. Ẹ má gé wọ inú ibi tó wú yẹn o, ibẹ̀ ni igi ti ń pa ojú ọgbẹ́ rẹ̀ dé.

Kí ẹnì kan di àkàbà mú, kí ẹlòmíràn sì fi okùn so ẹ̀ka kó má já lu ẹni tó wà nísàlẹ̀.

Igi másíkíréèdì mẹ́rin wà lápá òsì. A ti ń múra láti gé wọn mọ́lẹ̀ kí àgbàlá lè fẹ̀, àfi ìgbà tí a jókòó síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan tí a rí i pé àwọn gan-an ló dí iná òpópónà mọ́ wa. A fi wọ́n sílẹ̀. Kí ẹ tó gé igi kankan nítorí sinimá, ẹ jókòó síbi tí àga yóò wà ní aago mẹ́jọ alẹ́, kí ẹ wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá.

2. Ilẹ̀

Ilẹ̀ yangí ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣe ni dígà ń ta padà lórí rẹ̀. Ohun tó rọ̀ ọ́ ni omi: ní ìrọ̀lẹ́, a da korobá omi mẹ́wàá sí ibi tí a fẹ́ gbẹ́ lọ́jọ́ kejì, a sì fi àpò sìmẹ́ńtì bò ó kí oòrùn má fà á gbẹ kí àwọn lébìrà tó dé. Láàárọ̀, dígà ń wọlé tó 10 cm.

A kọ́kọ́ sọ gbogbo ilẹ̀ di pẹrẹsẹ. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n nígbà tí a to àga mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i ní ìlà mẹ́ta, orí àwọn tó wà níwájú bo ìsàlẹ̀ àwòrán mọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn lójú. Ìsàlẹ̀ yẹn sì ni àkọsílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń wà. Ọmọ Yorùbá lè gbójú fò ó. Ní Àbújá, aládùúgbò yín lè jẹ́ Gbàgyí, Haúsá tàbí Ìgbò, wọn kò sì ní mọ ohun tó ń lọ bí wọn kò bá rí i kà. Iṣẹ́ ọjọ́ kan àwọn lébìrà méjì ṣòfò báyìí.

Bí a ṣe tún un ṣe: a gé iwájú àgbàlá sílẹ̀ ní 15 cm, láti ẹsẹ̀ òpó dé ẹ̀yìn ìlà àga kìíní. A kò fọwọ́ kan ilẹ̀ ìlà kejì. Iyẹ̀pẹ̀ tí a gé níwájú ni a kó lọ sẹ́yìn láti gbé ìlà kẹta ga ní 15 cm. Ìlà kọ̀ọ̀kan wá fi 15 cm ga ju èyí tó wà níwájú rẹ̀ lọ. Àfọ́kù búlọ́ọ̀kù ni a tò sí etí àtẹ̀gùn kó má wó. Láti mọ̀ bóyá ó gún, a lo rọ́bà tó mọ́ gaara tí àwọn bíríkìlà ń rọ omi sí. Kò wọ́n, ó sì ṣeé gbára lé ju ojú lọ. Iyẹ̀pẹ̀ tó ṣẹ́kù ni a fi kọ ebè sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, a gbin koóko ọba sórí rẹ̀, a sì fi ewé dóńgóyárò tó bọ́ bo ìdí rẹ̀.

Ìlà àga wà ní 4.8 m, 5.9 m àti 7 m sí aṣọ àwòrán. Ẹ to àga ìlà kejì sí àárín àga méjì iwájú, ẹ má tò ó sẹ́yìn wọn gan-an.

Bí ilẹ̀ bá ti dagun sí iwájú báyìí, iwájú náà ni gbogbo omi òjò yóò máa wọ́ lọ, tí yóò sì rọ ìdí òpó. A gbẹ́ gọ́tà sáàárín òpó àti ògiri tó wà lẹ́yìn aṣọ àwòrán: ìbú 20 cm, jíjìn 25 cm, ó sì ń lọ sílẹ̀ ní 2 cm lórí mítà kọ̀ọ̀kan títí dé gọ́tà òde. Sìmẹ́ńtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a fi tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí omi bá dúró nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan péré, ẹ̀fọn ni ẹ ń sìn.

3. Òpó

Aṣọ àwòrán: ìbú 2.66 m, gíga 1.5 m. Ìwọ̀n yìí bá àwòrán 16:9 mu.

Páìpù onígun mẹ́rin tí ojú rẹ̀ jẹ́ ínṣì méjì, mẹ́ta péré, ló tó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní 18 ẹsẹ̀ bàtà, ìyẹn bíi 5.48 m. Méjì nínú wọn ni òpó: a gé wọn sí 3.6 m, a sì fi ohun tó ṣẹ́kù ṣe ẹsẹ̀ àtìlẹ́yìn. Ẹ̀kẹta ni ọ̀pá ìdábùú méjì, 2.72 m ọ̀kọ̀ọ̀kan. 4 cm péré ló kù lára páìpù yẹn, nítorí náà ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí wẹ́dà tó gbé ẹ̀rọ ìgé-irin sí i.

A kò jẹ́ kí wẹ́dà jó ọ̀pá ìdábùú mọ́ òpó. Bóòtù 10 mm ni a fi dè é, ihò bóòtù tí a lu sára òpó sì pọ̀. Ohun tó gbà wá nìyẹn, torí nígbà àkọ́kọ́ a fi ọ̀pá ìsàlẹ̀ sí 1 m sí ilẹ̀, ó sì kéré jù. 1.35 m ni a padà gbé e sí kí ìlà àga kẹta tó rí gbogbo àwòrán. Ká ní jíjó ni a jó o pa, páìpù tuntun la ò bá rà.

Ihò ilẹ̀ tí a ri òpó sí ni a tún ti ṣi ìwọ̀n. 40 cm ni a gbẹ́, torí ilẹ̀ le, ó sì rẹ àwọn tó ń gbẹ́ ẹ. Nínú oṣù kẹta, atẹ́gùn tó máa ń ṣíwájú òjò àkọ́kọ́ dé ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó sì mú kí òpó òsì dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan. Aṣọ tó fẹ̀ tó 4 m² kì í ṣe ohun kékeré níwájú atẹ́gùn: bí atẹ́gùn bá ń sáré ní mítà 15 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó ń ti aṣọ bíi pé ẹni tó wọ̀n tó 60 kílò fara tì í. A hú òpó, a gbẹ́ ihò dé 70 cm, ìbú rẹ̀ 30 cm lọ́nà méjèèjì, a sì po sìmẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin. Àpò sìmẹ́ńtì kan tó fún ihò méjèèjì. A fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méje, à ń bu omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, kí a tó so ohunkóhun mọ́ ọn. Láti ìgbà náà, a kì í fi aṣọ sílẹ̀ lórí òpó di ọjọ́ kejì.

4. Aṣọ

Fléèsì tí wọ́n ń fi ṣe pátákó ìpolówó ni a kọ́kọ́ rà, ₦11,000. Kò yá rárá. Ara rẹ̀ ń dán, nítorí náà àárín àwòrán ń kọ mọ̀nà bíi gílóòbù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Ẹni tó jókòó sí ọ̀tún rí ìmọ́lẹ̀ yẹn níbòmíràn yàtọ̀ sí ibi tí ẹni tó jókòó sí òsì rí i.

Aṣọ funfun tó nípọn tí àwọn tó ń rán kọ́tìnnì fi ń ṣe inú rẹ̀, èyí tí ìmọ́lẹ̀ kò lè là kọjá, ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Ìbú rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ olùtà jẹ́ 2.8 m, nítorí náà ọ̀pá aṣọ méjì (yáàdì méjì) ti tó, kò sì ní ojú rírán kankan láàárín. Ẹ fi ọwọ́ pa á kí ẹ tó rà á. Bí ó bá ń dán tàbí tó ń yọ̀ bíi sátíìnì, ẹ fi í sílẹ̀. Télọ̀ ká etí rẹ̀ yíká, ó sì lu ihò onírin sí i ní 25 cm sí 25 cm. Rọ́bà túùbù ọ̀kadà tí a gé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni a fi so ó yí páìpù. Okùn lásán máa ń jẹ́ kí aṣọ rọ̀ bí ilẹ̀ bá tutù lálẹ́, ṣùgbọ́n rọ́bà ń fà á le nígbà gbogbo.

5. Ògiri

Lójú wa, ìpele yìí ló ju gbogbo ìyókù lọ.

Lẹ́yìn tí aṣọ ti wà lórí òpó, a ṣí Aníkúlápó, a sì dá a dúró níbi tí òru wà. Irun òṣèré àti òkùnkùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ di àwọ̀ eérú kan náà. Pirojẹ́kítọ̀ náà ní lúmẹ́nì 3,000 (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn), ó sì yẹ kó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ta kúrò lára aṣọ ń lu ògiri funfun ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó sì ń padà wá fi funfun kun ohun tó yẹ kó dúdú. Pirojẹ́kítọ̀ kò lè tan dúdú sára aṣọ. Dúdú tí ẹ ń rí kò ju ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé lọ, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ èyíkéyìí tó bá yà wá láti ẹ̀gbẹ́, òun ló ń ba òru jẹ́.

A da aṣọ dúdú bo ògiri ọ̀tún láti fi dán an wò. Ìyàtọ̀ hàn lójú ẹsẹ̀. A wá fi ọ̀dà ìmúṣọ̀n tó dúdú bíi èédú kun ògiri ẹ̀yìn aṣọ pátápátá, àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dé 2.5 m láti ibi aṣọ. Gálọ́ọ̀nù méjì tó. Ẹ má ra ọ̀dà tó ń dán, ìmọ́lẹ̀ náà ni yóò dá padà. Ẹ fọ eruku ọyẹ́ kúrò lára ògiri kí ẹ tó kùn ún. Apá kan tí a kò fọ̀ ti ń bó báyìí.

A ti fẹ́ da òkúta wẹ́wẹ́ funfun sí iwájú kí ẹsẹ̀ má kó ẹrẹ̀. A fi korobá méjì dánwò lábẹ́ aṣọ, ìsàlẹ̀ àwòrán sì rẹ̀ dànù. A kó o kúrò. Koríko ló bá a mu, nítorí àwọ̀ ewé ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì.

Lẹ́yìn ọ̀dà, a padà sí ìran kan náà. Irun yà kúrò lára òkùnkùn. Ahunṣọ ni Sàró, aṣọ òfì sì ṣe pàtàkì nínú fíìmù yẹn. Láti àga ìlà kejì, ojú ń ka ìlà òwú lára aṣọ. Kò sí owó mìíràn tí a ná lórí iṣẹ́ yìí tó mú irú èrè bẹ́ẹ̀ wá.

6. Àkókò àti ibi tí pirojẹ́kítọ̀ ń jókòó

Nínú oṣù kẹta, oòrùn ń wọ̀ ní Àbújá ní nǹkan bí aago 6:40 ìrọ̀lẹ́. Fíìmù tó kún fún ìjà ojúmọmọ bíi Jagun Jagun (2023) lè bẹ̀rẹ̀ ní 7:05. Èyí tí òru pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ dúró di 7:20.

Pirojẹ́kítọ̀ yìí nílò ìbú aṣọ lọ́nà 1.5, ìyẹn 4 m. Orí tábìlì tó ga ní 1 m ni ó wà, níwájú ìlà àga kìíní. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbọọrọ. Bí ẹ bá gbé imú rẹ̀ sókè jù tí ẹ sì fi ẹ̀rọ ara rẹ̀ tún ìgun àwòrán ṣe, lẹ́tà àkọsílẹ̀ kò ní hàn kedere mọ́. Eruku ọyẹ́ máa ń dí asẹ́ tó wà níbi tó ti ń fa atẹ́gùn wọlé. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni ẹ ó fi gbá a lẹ́yìn fíìmù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ má fa wáyà rẹ̀ yọ lójijì. Ẹ pa á, kí ẹ jẹ́ kí fáànù rẹ̀ yí títí yóò fi dúró fúnra rẹ̀.

7. Iná

Pirojẹ́kítọ̀ 250 W, sípíkà 60 W, ohun tó ń gbé fíìmù jáde àti róútà 60 W. Àpapọ̀ 370 W. Aníkúlápó gùn tó ìṣẹ́jú 142, nítorí náà òun ni a fi ṣe ìṣirò: ó ń jẹ nǹkan bí 876 Wh (wáàtì lọ́nà wákàtí). Bí ẹ bá fi ohun tí ínfátà ń ṣòfò kún un, ó ń lọ sí 1,030 Wh. Bátìrì olómi 12 V, 200 Ah, ń gbé 2,400 Wh, ìdajì rẹ̀ sì ni ó yẹ kí ẹ máa lò bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́. Ó tó fún fíìmù kan, kò tó fún méjì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ kékeré ni a fi gbé e. Iná rẹ̀ ń gòkè ń sọ̀kalẹ̀, ìmọ́lẹ̀ àwòrán ń mí pẹ̀lú rẹ̀, ariwo rẹ̀ sì pa ohùn òṣèré. A fi í sílẹ̀. Wáyà 2.5 mm² onírin mẹ́ta, 20 m, la rì sínú páìpù lábẹ́ ilẹ̀ ní 40 cm, láti ibi ínfátà dé ìdí tábìlì, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ nínú òkùnkùn.

8. Ohùn

Fíìmù Yorùbá kò ṣeé fi báàsì bò. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀: ìró ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀, báàsì tó pọ̀ jù sì máa ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. House of Ga'a (2024) ni a fi dán an wò, torí ọ̀rọ̀ àti àṣẹ láàrin ààfin ló gbé ìtàn Baṣọ̀run Gáà ró. A dín báàsì kù títí ẹni tó wà ní ìlà kẹta fi lè tún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sọ láìwo àkọsílẹ̀. Sípíkà méjì, ọ̀tún àti òsì aṣọ, 1.2 m sí ilẹ̀. A kọ́kọ́ kó wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, koríko àti ẹsẹ̀ àwọn ará iwájú sì gba gbogbo ohùn.

Blútúùtù ń mú ohùn pẹ́ lẹ́yìn ẹnu òṣèré. Ẹ lo wáyà.

9. Fíìmù fúnra rẹ̀

A so fóònù mọ́ pirojẹ́kítọ̀ pẹ̀lú ádápítọ̀ olówó pọ́ọ́kú, a ṣí Netflix: ohùn jáde, àwòrán dúdú. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Ààbò tí wọ́n fi sí fíìmù ni kò gba ádápítọ̀ náà. Ọ̀pá kékeré tí wọ́n ń kì bọ ojú HDMI tẹlifíṣọ̀n ni ó yanjú rẹ̀, èyí tí a fi sí ojú HDMI pirojẹ́kítọ̀ tààrà, tí fóònù sì ń fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ní HD, Netflix lè jẹ tó 3 GB láàárín wákàtí kan, nítorí náà ẹ ní ju 7 GB lọ lọ́wọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ Aníkúlápó.

Wíwò inú ilé láàárín ẹbí àti ọ̀rẹ́ ni èyí, a kì í gbowó. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó ìwọlé gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni fíìmù, kó sì lọ bá àjọ NFVCB tó ń bójú tó fíìmù ní Nàìjíríà.

10. Owó

Lébìrà méjì, ọjọ́ mẹ́ta, ₦8,000 lójúmọ́: ₦48,000
Páìpù mẹ́ta: ₦48,000
Wẹ́dà pẹ̀lú bóòtù: ₦20,000
Sìmẹ́ńtì àpò méjì: ₦19,600
Yanrìn àti òkúta, bárò mẹ́fà: ₦15,000
Fléèsì (ó ṣòfò): ₦11,000
Aṣọ yáàdì méjì àti télọ̀: ₦13,000
Ọ̀dà gálọ́ọ̀nù méjì: ₦18,000
Wáyà 20 m àti páìpù rẹ̀: ₦36,000
Àpapọ̀: ₦228,600

Àṣìṣe mú ₦31,900 nínú rẹ̀ lọ: fléèsì, ọjọ́ kan lébìrà, àti ìdajì àpò sìmẹ́ńtì tó bá ihò kúkúrú yẹn lọ. Pirojẹ́kítọ̀, sípíkà àti ínfátà ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Páìpù àti sìmẹ́ńtì, ọjà Dei-Dei ní Àbújá ni a ti rà wọ́n. Owó ọkọ̀ wà nínú rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ dé

Òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀ nínú oṣù kẹrin. Gọ́tà gbé omi lọ láàárín wákàtí kan, òpó kò mira. Àtẹ̀gùn ìlà kẹta rì ní 3 cm lápá òsì, torí a kò fi omi tẹ ilẹ̀ tuntun ibẹ̀ mọ́lẹ̀ tó kí a tó gbé àga lé e. A ti kó iyẹ̀pẹ̀ sí i, a sì ń fi igi lù ú lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan. Koríko ti wà nílẹ̀ níwájú, ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan ní 20 cm sí ìkejì. Títí yóò fi pàdé ara wọn, a ń tẹ́ ẹní dúdú méjì sábẹ́ aṣọ àwòrán kí ilẹ̀ pupa má ta ìmọ́lẹ̀ padà.